Ó Ku Ọ̀kan

Nígbà tí bàbá náà ṣì ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó lè mú un kánjú. Ìbọn ọdẹ ló fi ọdún méjìlélógójì tún ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó wà níwájú ilé rẹ̀, àwọn oníbàárà sì sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní kó ṣe kíá, á ní kí onítọ̀hún lọ máa fi òkò pa ẹran. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ mọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó sì gbé ìbọn kan ṣoṣo wọlé: tirẹ̀, ẹlẹ́nu méjì, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ igi ìdí rẹ̀.

Ó ṣe ni láàánú pé ojú nìkan kọ́ ló ń dá a láàmú. Láti bí ọdún kan ni ìgbàgbé ti ń bá a fínra. Ó ti kó fáìlì irin sínú àpótí búrẹ́dì rí. Ó ti jókòó látàárọ̀ dalẹ́ de oníbàárà kan tí gbogbo ilé mọ̀ pé ó ti re ibi àgbà ń rè. Ọmọbìnrin rẹ̀, télọ̀, tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, a máa fi ẹ̀rín bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ tíṣà, kì í ṣe ẹni tí a ń fi ẹ̀rín tàn. Ó ní ìbọn náà gbọ́dọ̀ kúrò nílé, kí òun gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọṣẹ́ bàbá wọn àtijọ́, tó ní kọ́bọ́ọ̀dù irin tó ṣeé tì pa.

Télọ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun ti kó gbogbo ọta kúrò nílé tipẹ́, àti pé ìbọn yẹn nìkan ló kù tí bàbá ń fọwọ́ kàn tí ojú rẹ̀ ń là. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, kò tilẹ̀ ṣí i mọ́. Ó kàn máa ń gbé e lé itan ni, kó máa fi aṣọ nù ún. Bí wọ́n bá gbé e lọ, wọ́n ti gbé bàbá náà lọ nìyẹn. Tíṣà ronú, ó ní ó dáa. Bí bàbá bá lè tẹ́ ìbọn náà sùn bó ṣe kọ́ àwọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìsí ẹni tó ràn án lọ́wọ́, kí ó dúró. Bó bá fo ẹyọ kan, ó di kọ́bọ́ọ̀dù.

Títẹ́ ìbọn sùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nínú ilé yẹn. Bí èèyàn bá ti ṣí irú ìbọn bẹ́ẹ̀, sípíríǹ méjèèjì inú rẹ̀ á fà le, wọn á wà bẹ́ẹ̀ bíi pàkúté tí a dẹ. Bí a bá wá gbé e pamọ́ báyẹn fún ìgbà pípẹ́, agbára á tán lára wọn. Nítorí náà, bàbá á ki ọta irọ́ méjì tí kò ní ẹ̀tù bọ ihò rẹ̀ méjèèjì, idẹ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́, tó fi rọ́bà sí nídìí. Á pa ìbọn dé, á fa tírígà kan, á fa èkejì, kò sì ní ṣí i mọ́. Ó máa ń sọ pé kò sí ẹni tó ń di ẹ̀ṣẹ́ sùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tíṣà dé tòun ti bírò àti ìwé, bíi pé àwọn ọmọ iléèwé ló fẹ́ ṣèdánwò fún. Wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì. Bàbá gbé ìbọn, ó kọ ẹnu rẹ̀ sí ògiri níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Ó ṣí i, ó wo ihò méjèèjì, ó tún fi ìka kàn wọ́n wò, nítorí kò gba ojú rẹ̀ gbọ́ mọ́. Ó nù ún, ó fi epo díẹ̀ pa á, ó ki ọta irọ́ méjèèjì sí i, ó pa á dé. Tíṣà ń máàkì, orí télọ̀ ń wú. Bàbá fa tírígà àkọ́kọ́. Kẹ́.

Ó sì dúró.

Ìka rẹ̀ wà lórí tírígà kejì, ṣùgbọ́n kò fà á. Aago ara ògiri ń ka tirẹ̀ lọ. Tíṣà wo bàbá, ó mi orí, ó tẹrí ba sórí ìwé rẹ̀. Kì í ṣe pé inú rẹ̀ dùn. Télọ̀ ń bá bàbá fa tírígà náà nínú ọkàn, ó ń bẹ̀ ẹ́ láìlanu. Ìgbà náà ló ṣàkíyèsí pé bàbá dẹ etí sí ọ̀nà kọ́tìnì ilé ìdáná.

Ìyá wọn bẹ̀rù ìbọn bí ẹni ń bẹ̀rù ejò. Bó bá ti rí i lórí tábìlì, ilé ìdáná ló ń sá sí, kì í sì í jáde títí yóò fi gbọ́ kẹ́ méjì. Bàbá a fa ọ̀kan, a dúró, kó lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá a ké láti ẹ̀yìn kọ́tìnì pé ó ku ọ̀kan. Nígbà náà ni bàbá a fa èkejì, a sì pè é síta. Àwàdà tọkọtaya ni, ṣùgbọ́n wọ́n dá a pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi di ara iṣẹ́.

Télọ̀ dìde. Tíṣà bi í pé níbo ló ń lọ. Télọ̀ wọ ilé ìdáná, ó dúró ti àwọn ìkòkò, ó sì ké bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ké.

"Ó ku ọ̀kan o."

Kẹ́.

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá kò fo nǹkan kan. Ìbọn máa dúró sílé. Àfi bó ṣe gbọ́ ohùn bàbá láti pálọ̀, ohùn jẹ́jẹ́ kan tí kò gbọ́ láti ọdún mẹ́ta.

"Máa bọ̀, ó ti sùn."

Ó gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu. Bàbá tún pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kó má bẹ̀rù. Télọ̀ ká kọ́tìnì, ó jáde. Bàbá wò ó, ó sì wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Màmá yín ńkọ́?"

Tíṣà wojú àbúrò rẹ̀. Télọ̀ ló kúnlẹ̀ tó di ọwọ́ bàbá mú, tó sọ fún un pé màmá ò sí mọ́, pé ó ti pé ọdún mẹ́ta, pé àwọn jọ sin ín ni. Bàbá sunkún bí ẹni pé lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n túfọ̀ fún un. Àwọn ọmọ méjèèjì sunkún pẹ̀lú rẹ̀, nítorí bó ṣe ń sunkún yẹn, ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lójú tiwọn náà.

Nígbà tó yá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. Ó bèèrè bóyá òun ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ.

"Ẹ ò fo nǹkan kan, Bàbá," tíṣà dáhùn. "Ìbọn yín máa dúró lọ́dọ̀ yín." Ó ti ń ká ìwé rẹ̀ sápò.

Bàbá ti ìbọn náà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Gbé e lọ. Ọwọ́ mi ò gbàgbé, èmi ni mo gbàgbé. Ẹni tó lè gbàgbé pé òun ti sin ìyàwó òun, kí ni kò ní gbàgbé?"

Télọ̀ fẹ́ bẹ̀ ẹ́.

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ọmọ mi," ni bàbá wí. "Jẹ́ kó gbé e lọ nígbà tí mo ṣì ń ríran." Ó kìlọ̀ fún tíṣà pé kó má ṣí i lọ́nà o, kí sípíríǹ má bàa tún fà le.

Tíṣà fi aṣọ wé ìbọn, ó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ó lọ. Ìwé ìròyìn ṣì wà lórí tábìlì, àmì epo wà lára rẹ̀. Télọ̀ wọ ilé ìdáná lọ bu omi fún bàbá. Kọ́ọ̀bù ò tíì kún tó fi gbọ́ ohùn rẹ̀ láti pálọ̀, jẹ́jẹ́.

"Máa bọ̀, ó ti sùn."

Ó gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó nu ọwọ́ méjèèjì, ó sì lọ jókòó sórí àga ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá.