Bárakú Ọ̀ṣẹ́nì

Ìpara tí ń na irun ti kún orí Caroline, oníbàárà rẹ̀, nígbà tí Kòfowórọlá gbọ́ ẹ̀rín Rosaline, opó tó ń gbé ilé kẹta. Ó sọ kóòmù sílẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀ báyìí báyìí, ó sì jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Sùúrùlérè bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ọkọ rẹ̀, Ọ̀ṣẹ́nì, ló ń bá Rosaline ta ayò. Lọ́dún 1988 yẹn, bó bá ti ti ibi iṣẹ́ rélùwéè ní Ìdó dé, ìdí ọpọ́n ló ń gbà lọ. Àbí irú opó wo ló ń ta ayò ju ọkùnrin lọ? Owú ń jẹ Kòfowórọlá dé eegun, òjòwú ò sì lẹ́ran láyà.

Ó ti fẹjọ́ sun ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àǹtí Ethel, pé ayò ti di bárakú sí Ọ̀ṣẹ́nì lára, àfi kí wọ́n gbé e lọ fún àdúrà. Ethel bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ń pa iṣẹ́ jẹ. Rárá. Ṣé kì í jẹun nílé? Ó ń jẹ àjẹtán.

“Tó o bá pè é nídìí ayò ńkọ́, ṣé ó ń dìde? Ohun téèyàn lè fi sílẹ̀ kì í ṣe bárakú.”

Kò pè é rí. Ṣíṣọ́ ló máa ń ṣọ́ ọ.

Lónìí náà, ó dúró sẹ́yìn ògiri, ó ń ṣọ́ wọn títí kò fi mọ ìgbà tí àkókò lọ. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó pè: “Bàbá Yínká, ẹ wá.”

Ọ̀ṣẹ́nì da ọmọ ayò ọwọ́ rẹ̀ padà, ó dìde, kò wẹ̀yìn. Ó dun Kòfowórọlá pé ó dìde. Ìjà tó ti dì kalẹ̀ kò rí ibi gbà.

Ọ̀ṣẹ́nì bi í pé: “Ṣé kò sí nǹkan? Ta lo fi sí ṣọ́ọ̀bù?”

Kòfowórọlá káwọ́ lérí, ó sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Caroline ti ki orí bọ garawa omi níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń sunkún. Awọ ti bó létí rẹ̀, ìdána rẹ̀ sì ku ọjọ́ mẹ́ta.

“Àǹtí, mo pè yín títí. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ fi mí sílẹ̀ lóṣù tó kọjá.”

Kòfowórọlá kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ọ̀ṣẹ́nì, tó ti tẹ̀ lé e, bu omi tútù wá, ó ń dà á díẹ̀díẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń ṣan irun náà. Rosaline tún rẹ́rìn-ín. Ọrùn Kòfowórọlá nà síta láti wo ẹni tó ń bá a ṣeré.

“Ìyá Yínká,” ni Ọ̀ṣẹ́nì wí jẹ́ẹ́jẹ́, abọ́ omi lọ́wọ́ rẹ̀. “Èmi rèé níbí.”

Ó gbọ́. Ó fẹ́ kí ọrùn òun padà. Kò padà.