Omi Inú Búùtà

Níbi àlùwàlá Àsùbáà, Àsíátù da omi búùtà sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, òtútù gbá a dé ọpọlọ. Ó da á sí tòsì, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún un dà. Ojú rẹ̀ rí omi tó ń ṣàn láàárín ọmọ ìka, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò mọ̀ pé omi kan òun.

Aṣọ ló ń tà ní ọjà Ṣàpọ́n, kò sì sí oníbàárà tó lè fi ẹnu tàn án. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìtọ̀ ti sọ ọ́ di ẹrú. Bí ó bá lóṣòó, kò ní jáde. Bí ó bá dìde, á máa kán sí tòbí. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní àtọ̀sí ni, ó gbé àgbo kaná. Láwàlì, ọkọ rẹ̀, kò bèèrè ju gbólóhùn kan lọ: "Ta ló kó o ràn ọ́?" Ó sì kó ẹní rẹ̀ lọ sí pálọ̀. Ìtìjú mú Àsíátù débi pé òun fúnra rẹ̀ lọ fi ẹnu ara rẹ̀ pe àtọ̀sí fún oníkẹ́mísìtì, ó sì ń gbé oògùn mì lásán.

Àtọ̀sí wo ló ń mú ẹsẹ̀ kú? Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Òun kò da eérú kankan! Inú bí i. Bí ó ti kírun Àsùbáà tán, ó ró tòbí méjì, ó fi ìró bò ó, ó wọ́ ẹsẹ̀ òsì jáde.

"Níbo lò ń lọ?" Láwàlì bèèrè.

"Ọsibítù. Ẹ tẹ̀ lé mi, Bàbá Sìlífátù, kẹ́ ẹ lọ gbọ́ orúkọ ẹni tó kó o ràn mí."

Ìbínú ni Láwàlì fi tẹ̀ lé e.

Dókítà náà, ọ̀dọ́bìnrin onígíláàsì, bi í pé kí ló ń ṣe é. Àtọ̀sí ti dé ètè Àsíátù. Ó gbé e mì. Ó ròyìn ohun tó rí nìkan: ìtọ̀ ló kọ́kọ́ ṣọ̀tẹ̀, ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e, inú sì ń fún un bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀já dì. Dókítà mú abẹ́rẹ́, ó ń fi gún un díẹ̀díẹ̀ láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì lọ sókè. Ó dé ìdodo kí Àsíátù tó pariwo.

"Ṣé kì í ṣe àtọ̀sí?" Láwàlì bèèrè.

"Rárá, sà. Okùn iṣan tó wà nínú eegun ẹ̀yìn wọn ló wú. Ibẹ̀ ni ìtọ̀ àti ẹsẹ̀ ti ń gbàṣẹ. Ìtọ̀ ló kọ́kọ́ ké gbàjarè. Kò sẹ́ni tó kó o ràn wọ́n." Ó yíjú sí Àsíátù. "A máa gbà yín sílé ìwòsàn lónìí, mà. Ẹsẹ̀ yẹn lè padà bọ̀ sípò, ó sì lè má padà tán."

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn," Àsíátù dáhùn. "Mo máa rìn padà sí ṣọ́ọ̀bù mi."

Láwàlì ń wo ilẹ̀. Ó dìde, ó jáde.

Nígbà tí àkókò ìrun Alásárì tó, ó wọ yàrá tí wọ́n gba Àsíátù sí, búùtà ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ẹsẹ̀ òsì ìyàwó rẹ̀ sínú abọ́, ó ń da omi sí i. Ó dáwọ́ dúró.

"Ìyá Sìlífátù," ó ní, "kí ló ń ṣe ọ́?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Àsíátù ti ń retí ìbéèrè yìí, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń retí rẹ̀. Omijé bọ́.

"Mi ò tíì mọ omi yẹn lára," ó ní. "Ẹ máa dà á."

Láwàlì tún tẹ ẹnu búùtà wálẹ̀, omi ń ṣàn.