Agogo Tó Ń Fi Ìṣẹ́jú Méje Ṣáájú

Fadá tuntun wo aago ọwọ́ wọn. "Màmá, agogo ṣọ́ọ̀ṣì yín ń fi ìṣẹ́jú méje ṣáájú. Ẹ tún un ṣe."

Ogójì ọdún ni mo ti ń fa okùn agogo yẹn. Bàbá mi ló fà á ṣáájú mi. Inú bí mi, mo sì ṣe é bí wọ́n ṣe wí gẹ́lẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, àga lásán ni Fadá bẹ̀rẹ̀ Máàsì fún. Agogo ló ń lé àwọn ará àdúgbò jáde nílé; wọ́n ṣì wà lójú ọ̀nà.

"Màmá, kí ló dé?"

"Ìyá bàbá mi a máa tiro. Ìṣẹ́jú méje ni wọ́n fi ń gun òkè wá síbí, ni bàbá mi ṣe ń tètè lu agogo. Wọ́n ti kú tipẹ́, Fadá, àmọ́ gbogbo àdúgbò ṣì ń bá wọn gun òkè."