Eku Inú Àgò Kẹfà

Dókítà Bridget la inú eku kẹfà, ó sì figbe ta. Kókó kan wà níbẹ̀, irun sì hù sínú rẹ̀.

"Ìyá Badmus, ẹ wá wò ó! Ó dàgbà sára àjèjì!"

Tàwàkálítù, tí Dókítà ń pè ní Ìyá Badmus, kò sún mọ́ ọn. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń tọ́jú eku ní yàrá ìwádìí yìí, l'Ọ́kà, iṣẹ́ náà sì yé e dáadáa. Dókítà á mú ẹran ara ọlẹ̀ eku, á rán an sínú àgbà eku. Bí ìran wọn bá jẹ́ ọ̀kan, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara á rò pé ọmọ ilé ni, wọn ò ní fọwọ́ kàn án; á máa wú gátagàta títí á fi di kókó. Bí ìran bá yàtọ̀, wọ́n á gbógun tì í, á sì kú dànù. Ìran ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì kọ sára àgò kẹfà.

Irọ́ ni. Ológbò ti pa eku ibẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣíwájú iṣẹ́ abẹ, nítorí Tàwàkálítù lọ kírun, ó gbàgbé fèrèsé. Ẹ̀rù bà á kí wọ́n má baà lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ló bá mú òmíràn nínú ìran tí ọlẹ̀ náà ti wá, ó gé àmì tí wọ́n fi ń dá eku mọ̀ sí etí rẹ̀ bíi ti èyí tó kú, ó sì panu mọ́.

"Ọ̀la ni mo máa sọ ọ́ l'Ákùúrẹ́, níwájú gbogbo àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi," ni Dókítà wí, omi lójú rẹ̀. "Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń fi mí rẹ́rìn-ín pé kò lè ṣeé ṣe."

Àánú rẹ̀ ṣe Tàwàkálítù gan-an. Bó bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ní ọ̀la, ọmọ ọlọ́mọ yóò lọ dójú ti ara rẹ̀ láwùjọ.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Èmi ni mo pààrọ̀ eku yẹn. Ìran kan náà ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti ológbò. Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ẹni tó bá ń bá mi tọ́jú eku, mo máa ń yẹ etí àwọn eku náà wò lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀."

"Tiyín nìkan ni n kì í wò. Ìyá mi lẹ jẹ́ sí mi."

Ó fa ìlà kọjá lórí ojú ìwé tó fẹ́ lọ kà l'Ákùúrẹ́, ó sì jáde lọ síta. Tàwàkálítù dúró ti àwo tí eku náà wà, ó ń wo kókó tí ẹnikẹ́ni kò lé. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e ibi tí òun náà gbà wọlé: Dókítà rò pé ará ilé ni òun.