Igi Mẹ́ta ni Àwẹ̀ró Ń Wò

Mo lá àlá kan lóru àná. Sàláwù, ìwọ onígbàjámọ̀, rọra gbé abẹ yẹn sílẹ̀ ná, torí bí o bá rẹ́rìn-ín pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, etí mi ló máa lọ sí i. Òjéníyì, ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà fa àga rẹ súnmọ́ ibí. O wà nínú àlá náà, o ò sì ṣe dáadáa níbẹ̀ rárá.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú pápá kíríkẹ́ẹ̀tì kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba, tí wọ́n fi ń pè mí ní Bàbá Pápá títí dòní. Ẹ sì mọ Àwẹ̀ró, ọmọ-ọmọ mi, ọmọ tí Mosúnmọ́lá bí sílùú òyìnbó. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ẹ̀bi mi, torí kò sí ọjọ́ tí mi ò dárúkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yìí. Káńtì kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń ju bọ́ọ̀lù fún. Káńtì ni wọ́n ń pe ìpínlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, láti inú káńtì ni wọ́n sì ti ń ṣa àwọn tó máa gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Èmi àti Òjéníyì kì í jẹ́ kí eré káńtì kan kọjá wa lórí fóònù. Nígbà tí a bá fi máa jiyàn tán lórí ẹni tó yẹ kí wọ́n mú, iná fóònù á ti tán.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Mosúnmọ́lá pè mí. Ó ní àwọn tó ń yan ikọ̀ ti wá wo Àwẹ̀ró lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n fẹ́ràn ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò ní ìgboyà, pé bí àwọn bá ń bá a sọ̀rọ̀, kì í wo ojú àwọn, ilẹ̀ ló máa ń wò. Mosúnmọ́lá wá ní, "Bàbá, ẹ rántí ẹni tó kọ́ ọ."

Mo rántí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tó wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi. Mo ń bá a wí lórí ife kan tó fọ́, ó gbójú sókè, ó ń wò mí bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Mo ní, "Ṣé ojú mi lò ń wò bẹ́ẹ̀? Wolẹ̀!" Ó wolẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò tún wo ojú àgbà kankan mọ́. Kí n má parọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ tí Mosúnmọ́lá sọ yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn oúnjẹ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Òwúrọ̀ òní ni wọ́n sì dá pé àwọn máa pe orúkọ. Bí mo ṣe gbé orí lé ìrọ̀rí lánàá nìyẹn.

Ẹni tó kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn ni róólà, irin ńlá tí mo fi ń tẹ pápá mọ́lẹ̀ nígbà iṣẹ́ mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Mo ní, "Ṣé kò sí nǹkan?"

Ó ní, "Ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Àmọ́ ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti ń yan ikọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ Àwẹ̀ró wà lórí tábìlì, kò sì rí ẹni gbèjà rẹ̀."

Mo bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní òun ti lá epo díẹ̀. Mo gùn ún, a lọ.

A dé etí òkun. Mo rò pé a máa wọ ọkọ̀, àmọ́ róólà kò tilẹ̀ dúró. Ó ń tẹ omi mọ́lẹ̀ lọ, ìgbì ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí wọ́n lọ̀. Ẹja méjì yọjú, wọ́n ní kí a rọra, àwọn ń sùn. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, koríko ti hù sójú ọ̀nà tí a gbà kọjá, ó sì ti ga jù. Ìyẹn nìkan ni kò tẹ́ mi lọ́rùn.

"Bàbá, koríko lórí omi?" Sàláwù bi mí.

Lórí omi ni, ọmọ mi. Ta ló máa wá gé e? Ohun tí mo ń rò nìyẹn títí a fi gòkè.

Nígbà tí a gòkè, inú pápá káńtì la bá ara wa. Wọ́n ti dá eré dúró torí àsìkò tíì mímu ti tó. Òǹwòran ò ju àgbàlagbà mọ́kànlá àti ajá kan lọ. Gbogbo wọn da bùláńkẹ́ẹ̀tì borí, ajá nìkan lọkàn rẹ̀ wà níbi eré. Ọ̀kan nínú àwọn àgbàlagbà náà ṣí bùláńkẹ́ẹ̀tì lójú, àṣé Òjéníyì ni. Kò kí mi. Ó ní, "Ọmọbìnrin ọlọ́wọ́ òsì yẹn ni kí wọ́n mú. Àwẹ̀ró ṣì kéré."

"Irọ́ ni!" Òjéníyì fò dìde lórí àga. "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

O sọ ọ́ lójú àlá. O sì sọ ọ́ níbí lọ́jọ́ Ẹtì, Sàláwù ń gbọ́. Jókòó.

Pátákó tí wọ́n ń kọ iye sí ló gbà mí sílẹ̀. Sàláwù, ìwọ tí o kò mọ eré yìí, igi mẹ́ta ni wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀. Ẹnì kan á gbé igi ńlá lọ́wọ́, á dúró síwájú wọn, á máa gbá bọ́ọ̀lù dànù. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ń wá bó ṣe máa wó igi mẹ́ta yẹn, bó bá wó o, ẹni tó dúró níbẹ̀ á gbalé lọ. Pátákó náà húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Àwẹ̀ró ti lé èèyàn méjìléláàádọ́ta lọ sílé lọ́dún yìí. Kò sí ẹlòmíì tó pé ogójì."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní kó sọ ọ́ kí Òjéníyì gbọ́. Ó sọ ọ́, ó tún fi ìlà pupa sí i nídìí. Àyà mi wú débi pé bọ́tìnnì bùbá mi já bọ́ sílẹ̀. Ó ń yí lọ, mo pè é padà, ó ní òun ń lọ sọ fún àwọn ará ilé.

"Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi kọ́ ni wọ́n ti ń yan èèyàn," ni pátákó wí. "Ọ́fíìsì wà lókè."

Lóòótọ́, ọ́fíìsì kan ń léfòó lókè pápá, tòun ti fèrèsé àti kọ́tìnnì. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi kan kó má baà lọ. Mo fa okùn náà, ọ́fíìsì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Mo kágò kí n tó wọlé o, torí bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn.

Òyìnbó mẹ́ta ló jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú táì lọ́rùn. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, ó já geere lẹ́nu wọn bí ẹni tí wọ́n fi dódò Ìkirè tọ́ dàgbà. Kò yà mí lẹ́nu. Olórí wọn ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Pẹ́ńtọ̀n. Fáìlì Àwẹ̀ró wà níwájú rẹ̀, ó ṣí ara rẹ̀, ó ní, "Ọwọ́ rẹ̀ dáa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dáa. Kì í wo ojú àgbà."

"Ẹ gbọ́ ọ," ni Ọ̀gbẹ́ni Pẹ́ńtọ̀n wí. "Bàbá, mo jókòó ti ọmọ yín fún odindi wákàtí kan. Bàtà mi ló ń wò. Mo ní kó sọ nípa ara rẹ̀ fún mi, bàtà mi ló sọ ọ́ fún."

Bàtà rẹ̀ ní òótọ́ ni, ó ní ọmọ náà tún mọ ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹni tí kò lè wo ojú èmi," ni Pẹ́ńtọ̀n wí, "báwo ló ṣe máa wo ojú ọ̀tá?"

Ẹ̀yin èèyàn mi! Àlá ni o, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bà mí kì í ṣe ti àlá. Gbólóhùn kan péré tí mo fi bá ọmọ wí lórí ife lásán ló fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn yìí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì wọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo kọ́ ọ. Bí ẹ bá fẹ́ fìyà jẹ ẹnì kan, èmi rèé." Kápẹ́ẹ̀tì ní kí n jọ̀ọ́ kí n dìde, mo ti wúwo jù.

Bí mo ṣe ń dìde ni ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní, "Ẹ̀yin alàgbà, ojú àgbà ni Àwẹ̀ró kì í wò. Ṣé ẹ ti bi í léèrè ohun tó máa ń wò? Igi mẹ́ta ló ń wò. Ẹni tó dúró níwájú igi ì bá ga tó ìrókò, Àwẹ̀ró kò rí i. Igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń rí."

"Wo ojú mi bí o bá ń bá mi sọ̀rọ̀!" ni Pẹ́ńtọ̀n pariwo.

Mo wò ó. Ibi tí mo ti ń wò ó ni ojú rẹ̀ ti sún sí ẹ̀gbẹ́ orí, irùngbọ̀n yọ, ìwo méjì ta jáde. Ó ti di òbúkọ. Àwọn méjì yòókù náà ti di ewúrẹ́, táì ṣì wà lọ́rùn wọn. Mo ní, "Ẹ kú ìyípadà o." Wọ́n ní, "A dúpẹ́." Wọ́n tẹjú mọ́ mi, wọn ò ṣẹ́jú, ẹnu wọn sì ń lọ mùkẹ̀mùkẹ̀.

Mo ní, "Ẹ wò ó, nílùú tiwa, ẹni tó bá ń wo àgbà lójú báyìí, tí ẹnu rẹ̀ tún ń lọ, ewúrẹ́ ni. Wọ́n kọ́ ọmọ tèmi nílé."

Sàláwù, mo ní kí o gbé abẹ yẹn sílẹ̀! Ṣé o rí etí mi báyìí?

Mi ò tètè mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Àṣé ìwé orúkọ ni. Wọ́n ti jẹ gbogbo ikọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tán.

Òbúkọ Pẹ́ńtọ̀n ní ó dáa, kí a lọ dán ọmọ náà wò. Ọ́fíìsì jókòó sórí pápá, a jáde. Òbúkọ gbé igi ìgbábọ́ọ̀lù, ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì dúró. Èmi dúró lẹ́yìn igi mẹ́ta náà, níbi tí mi ò dúró sí rí nígbà tí eré ń lọ, torí ẹni tó ń tọ́jú pápá kì í wọ inú eré.

Àwẹ̀ró jáde wá nínú aṣọ funfun. Ó ti ga ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó kúnlẹ̀ fún òbúkọ. Ó wo koríko, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà."

"Ẹ rí i?" ni òbúkọ wí. "Koríko ló ń kí."

Koríko ní òun gbọ́, òun sì ti dá a lóhùn.

Àwẹ̀ró dìde, ó rin ogún ìṣísẹ̀ lọ sẹ́yìn, ó yíjú padà. Ó wá gbé ojú sókè. Mi ò rí ojú yẹn rí. Láti ọjọ́ tí mo ti ní kó wolẹ̀, àtàrí rẹ̀ ni mo ń rí. Ojú ìyá mi ló wà níbẹ̀, bí ìyá mi ṣe máa ń wo kòkó tó sá síta bí òjò bá ṣú. Kò wo òbúkọ, kò wo èmi. Igi ló ń wò. Ó sáré bọ̀, ó ju bọ́ọ̀lù, igi àárín fò sókè, ó ń yí lójú ọ̀run, ó ń kígbe pé, "O káre, Àwẹ̀ró! Ọmọ Bàbá Pápá!"

Mo fò sókè, mi ò rántí orúnkún mi. Mo ń pariwo pé, "Ọmọ mi ni! Èmi ni mo kọ́ ọ!" Ọ̀rọ̀ tí mo fi bẹ̀bẹ̀ lókè náà ni mo tún fi ń yangàn nísàlẹ̀. Òjéníyì pàápàá ju bùláńkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Òjéníyì wí lórí àga rẹ̀, "ìyẹn ló jọ mí."

Òbúkọ ní ó tó, kí wọ́n pe orúkọ. Ṣùgbọ́n ìwé ti wà níkùn. Ewúrẹ́ kan ní kò sí wàhálà, òun máa jẹ àpọ̀jẹ. Ó jókòó, ó dijú, ó dá orúkọ kan padà sẹ́nu, ó rún un díẹ̀, ó pè é. Ó dá òmíràn padà, ó pè é. Mo ń fi ìka kà á. Ọlọ́wọ́ òsì tí Òjéníyì ń pọ́n wà ní ìkeje. Ìkẹwàá jáde. Ìkọkànlá jáde, kì í ṣe Àwẹ̀ró. Mọ́kànlá ló sì ń ṣeré. Àmọ́ ewúrẹ́ kò dìde. Nǹkan kan ṣì kù lọ́rùn rẹ̀, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Mo ní, "Jọ̀ọ́, kí ló kù níbẹ̀?" Ó la ẹnu, ohùn fóònù ló jáde.

Mo jí. Fóònù ń dún lábẹ́ ìrọ̀rí mi, ilẹ̀ sì ti mọ́. Ìpè tí èèyàn fi ń rí ojú ẹni tó pè ni. Mo tẹ̀ ẹ́, irun ṣùkú ló kún inú rẹ̀. Mi ò rí iwájú orí, mi ò rí imú. Àwẹ̀ró ló kúnlẹ̀ níwájú fóònù nílùú òyìnbó, ó wolẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá àgbà."

"Ṣé wọ́n ti pe orúkọ?"

"Wọ́n ti pè é, sà. Ìkejìlá ni mí." Ohùn rẹ̀ kéré. "Ìkejìlá kì í ṣeré, àfi bí ẹnì kan bá fara pa. Omi ni n ó máa gbé fún wọn."

Sàláwù, má mi orí. Òjéníyì, mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ, gbé e mì. Ẹ ka gbogbo ọmọbìnrin tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, káńtì kan sí òmíràn, láti etí òkun dé etí òkun, kí ẹ wá dúró lórí ìkejìlá. Ọmọ tí wọ́n ní kò ní ìgboyà ni o. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi fa róólà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, mi ò rí ọmọ kan níbẹ̀ tó gbé omi dé ibi tí Àwẹ̀ró fẹ́ gbé e dé.

Mo ní, "Àwẹ̀ró, gbé ojú sókè."

"Sà?"

"Mo ní gbé ojú sókè. Wò mí."

Nígbà tó yá, iwájú orí yọ, ojú méjèèjì yọ. Ó wò mí, kò ṣẹ́jú. Ojú yẹn náà ni.

Èmi ni mo wolẹ̀. Mo ní bàtà mi ni mo ń wá.