Ìpè Tí Kò Lóhùn

Adití ni bàbá Zdravka, adití ni ìyá rẹ̀, òun nìkan ló ń gbọ́ràn nínú ilé wọn. Kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà ló ti ń bá wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, tí yóò máa fi etí gba ọ̀rọ̀ dókítà, tí yóò sì máa fi ọwọ́ sọ ọ́ fún wọn. Èdè ọwọ́ ni èdè àkọ́kọ́ tó mọ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló ti wá kọ́ èdè ẹnu.

Ìgbà tó wà ní yunifásítì ní Sófíà, olú ìlú wọn, ni àrùn ọkàn kọlu bàbá rẹ̀ nínú ilé ìdáná. Tọkọtaya náà nìkan ló wà nílé. Fóònù wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n kí ni adití fẹ́ fi fóònù ṣe? Pavlina ìyá rẹ̀ bọ́ sínú yìnyín láìwọ bàtà, ó ń lu ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò. Ẹni àkọ́kọ́ tó yọjú rò pé òun àti ọkọ rẹ̀ ló ń jà, ló bá ní kó lọ fara balẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi yé wọn pé ẹ̀mí ló fẹ́ bọ́, ẹ̀mí ti bọ́.

Nígbà tí Zdravka ṣe tán ní yunifásítì, iṣẹ́ báńkì ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lé kiri. Òun gbalé lọ, ó lọ wáṣẹ́ sí yàrá ìpè pàjáwìrì ìlú wọn, nísàlẹ̀ òkè Balkan.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Àwọn fóònù inú yàrá náà ti gbó, àwòrán ilẹ̀ sì wà lára ògiri tí oòrùn ti jẹ àwọ̀ rẹ̀ tán. Ẹni tó bá pè ní láti ṣàlàyé ibi tó wà, ta ló sì ń rántí orúkọ òpópónà nígbà tí iná bá ń jó o nílé? Ẹlòmíràn á ní, "Mo wà lẹ́bàá igi ńlá yẹn," á sì máa bínú pé wọn ò mọ igi tí òun ń wí. Bí ọmọ ẹnìkan bá kú nígbà tí ìpè ṣì ń lọ lọ́wọ́, àwọn òṣìṣẹ́ á gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n á gbé òmíràn, nítorí òmíràn ti ń dún. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè pé báwo lara wọn ti rí.

Láti ọjọ́ tí Zdravka ti débẹ̀ ló ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan títí ó fi dorin lẹ́nu rẹ̀: "Àwọn adití ńkọ́?"

Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ nígbà náà máa ń rẹ́rìn-ín. "Zdravka, adití mélòó ló wà lágbègbè wa gan-an?"

"Ẹ ò lè mọye wọn, ọ̀gá. Wọn ò lè pè yín."

Nígbà tó yá, ọ̀gá yẹn fẹ̀yìn tì, Ginka Draganova sì gba ipò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Ginka tẹ́lẹ̀, obìnrin tí ojú rẹ̀ máa ń le bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọtí kíkan, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ mọ́. Ó gbọ́ orin Zdravka lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò jẹ́ kó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ìjọba fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀rọ, ó mú Zdravka dání lọ sí olú ìlú, ó sì sọ fún àwọn tó ń ra ẹ̀rọ náà pé, "Bí kò bá sí fídíò àti ọ̀rọ̀ kíkọ nínú rẹ̀, ẹ má gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ má sì gbé e wá láìsí yàrá tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á ti máa sinmi, àti ẹni tí wọ́n á máa bá sọ̀rọ̀." Wọ́n bá a jà, ó bá wọn jà. Ẹ̀rọ dé bó ṣe fẹ́.

Ẹ̀rọ tuntun yìí, bí èèyàn bá pè báyìí, ibi tó wà á hàn lórí àwòrán ilẹ̀ kó tó lanu. Stamen, tó ti pẹ́ jù lọ nínú wọn, àgbà ọkùnrin abìkùn-gbẹ̀ǹdù tó máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, dúró níwájú rẹ̀, ó mirí.

"Ẹ̀rọ yìí mà léwu o. Kò yẹ kíyàwó mi mọ̀ pé irú ẹ̀ wà."

"Ẹ̀gbọ́n Stamen, ilé ọtí nìkan náà lẹ kúkú ń lọ," Zdravka dá a lóhùn. "Ìyàwó yín ò nílò ẹ̀rọ kó tó mọ̀yẹn."

Zdravka àti ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá àwọn adití láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa fi fóònù wọn pè. Àwọn kan kọ́ ọ. Àwọn mìíràn kàn ń wò wọ́n. "Ìjọba? Fún irú àwa yìí?" Oṣù ń gorí oṣù, kò sí adití kankan tó pè.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí èso ṣẹ́rì ń pọ́n lórí igi, ojú ẹ̀rọ Zdravka tàn. Fídíò ni. Ewé ló kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ojú ọ̀run, lẹ́yìn náà obìnrin kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀, tí ẹ̀rù ti mú ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di fóònù mú, ó ń fi ìkejì sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já.

"Ọkọ mi. Ó ṣubú. Kò mí. Ọkọ mi."

Zdravka gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Mo rí yín, mà. Mo gbọ́ yín. Kí lorúkọ yín?"

Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tí òkúta bá sọ̀rọ̀. Kò rò pé ọwọ́ kankan á dá òun lóhùn. "Rumyana," ló sọ.

"Ẹ gbé fóònù sórí nǹkan, Mà Rumyana, kí n lè máa rí yín, kẹ́yin náà lè máa rí mi."

Rumyana fi fóònù ti ara agbọ̀n ṣẹ́rì. Zdravka wá rí ọkùnrin náà tó nà gbalaja lábẹ́ igi, ẹnu rẹ̀ ti dúdú.

"Oko tó wà lẹ́yìn abúlé Gorna Lipa ni!" Stamen ké láti orí ìjókòó rẹ̀. "Mo ti rí wọn lórí ẹ̀rọ. Àwọn dókítà ti gbéra!"

Zdravka fi bí wọ́n ṣe ń gbé ọwọ́ kan lé èkejì han Rumyana, láàárín àyà ọkọ rẹ̀ gan-an, apá nínà gbọnrangandan. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ dáadáa. Ẹ má bẹ̀rù pé ẹ ó ṣe é léṣe. Ẹ máa wò mí, bí mo bá ṣe ń tẹ̀ ni kẹ́yin náà máa tẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì tẹ afẹ́fẹ́ níwájú ojú ẹ̀rọ. Rumyana ń tẹ̀ lé e. Fún ìgbà díẹ̀, ó lọ geere. Lẹ́yìn náà ni apá Rumyana bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń falẹ̀, ó sì ń wo ojú ọkọ rẹ̀ dípò kó máa wo fóònù. Zdravka fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà wà: ọwọ́ tó fi ń tẹ̀ bí ẹni ń lùlù náà ló fẹ́ fi sọ̀rọ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, ìlù á dúró. Bí ìlù bá dúró, Rumyana á dúró.

"Ẹ̀gbọ́n Stamen! Ẹ wá bá mi tẹ̀ ẹ́!"

Stamen ò béèrè ìbéèrè. Ó kó ara ńlá rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ rẹ̀ tó gbòòrò bí ojú ọkọ́ sójú ẹ̀rọ, ó gba ìlù náà lọ́wọ́ rẹ̀ láìpàdánù ìlù kan. Ọwọ́ Zdravka wá ráyè.

"Ẹ máa wo ọwọ́ bàbá yìí. Ẹ má wo ojú ọkọ yín. Kò tíì lọ. Ẹ̀yin lẹ dì í mú. Ẹ má jẹ́ kó lọ!"

Rumyana gbójú sókè, ó bú sẹ́kún, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀. Òógùn bo Stamen lójú. Gbogbo yàrá ń dáhùn ìpè tiwọn, síbẹ̀ ojú wọn ò kúrò lára àwọn méjèèjì. Báyìí ni wọ́n ń bá a lọ títí bàtà àwọn dókítà fi wọ inú àwòrán, tí ẹnìkan fa Rumyana sẹ́yìn jẹ́jẹ́. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń ta ọkàn jí lé ọkùnrin náà láyà. Ara rẹ̀ fò sókè lẹ́ẹ̀kan. Dókítà fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó sì kọjú sí fóònù.

"Ọkàn ń lù," ó ní. "Ẹ bá mi sọ fún un."

Zdravka sọ fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́ kó tó yé Rumyana.

Ginka ti dé ẹ̀yìn wọn. Ó bọ́ ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kúrò létí Zdravka. "Ó yá, dìde. Ẹlòmíì á jókòó."

"Ọ̀gá, ara mi le."

"Mo mọ̀ pé ara ẹ le. Dìde náà."

Nínú yàrá ìsinmi ni Zdravka ti sunkún, tí kò sì fi í pamọ́. Elitsa, obìnrin tí wọ́n gbà láti máa bá wọn sọ̀rọ̀, fún un ní tíì, ó jókòó tì í títí ó fi sunkún tán. Bàbá rẹ̀ ni Zdravka wá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ láti ọjọ́ ìsìnkú. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó rí i pé èjìká òun ti sọ̀ kalẹ̀.

Anani, ọkọ Rumyana, yè. Kí oṣù náà tó parí, Ginka pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó ní kò ní sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá òun tí ọwọ́ rẹ̀ á yadi mọ́. Pavlina ló gbà láti máa kọ́ wọn. Obìnrin náà wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àjíǹde, ó dúró níwájú wọn, Zdravka sì ń túmọ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó kọ́ wọn ni "Ìrànlọ́wọ́ ń bọ̀."

Stamen gbìyànjú rẹ̀. Pavlina wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí ni mo sọ, àbúrò?" Stamen béèrè lọ́wọ́ Zdravka.

"Ẹ ní pẹ́pẹ́yẹ ń bọ̀."

"Ṣé pẹ́pẹ́yẹ náà ò lè ranni lọ́wọ́ ni?"

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Pavlina di ọwọ́ Stamen mú, ó ń tò ó ní ìka kọ̀ọ̀kan títí ó fi tọ́. Zdravka ń wo ìyá rẹ̀, ó sì ń wo àwọn èèyàn tí wọ́n tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ kankan má baà fo wọ́n. Orí rẹ̀ wú fún ayọ̀. Ó gbàgbé láti túmọ̀ gbólóhùn tó kàn, ìyá rẹ̀ sì fi ọwọ́ gbá a pẹ́ léjìká.

"Ṣe iṣẹ́ ẹ," ni Pavlina sọ.