Ta Ni Fọláyẹmí Máa Jà Fún?

Ká sọ òótọ́, Ọlátúnbọ̀sún kì í ṣe olófòófó. Ẹnjiníà àgbà ni, ó ń gbé Fourways ní Jo'burg jẹ́jẹ́ pẹ̀lú Thandeka ìyàwó rẹ̀, ọmọ Soweto, àti Fọláyẹmí, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn. Àmọ́ láti oṣù kan báyìí, ó ti di ẹni tó ń tú báàgì ọmọ ọdún méjìlélógún wò.

Ìdáhùn kan péré ló ń wá. Ẹ̀ṣẹ́ ni Fọláyẹmí ń kàn, ó sì mọ̀ ọ́n kàn débi pé Nàìjíríà pè é, South Africa náà pè é, fún ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tó bá sì ti jà fún ìlú kan, ó di ọdún mẹ́ta kó tó lè jà fún òmíràn. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti mọ èyí tí òun máa jà fún, pé tó bá di Sátidé tí wọ́n máa fi ìjà dágbére fún àwọn akànṣẹ́ ní gbọ̀ngàn kan ní Turffontein, gbogbo èèyàn á gbọ́.

Ṣé irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún bàbá kó lè sùn nìyẹn? Ó bi kóòṣì, kóòṣì ní eish bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe máa ń wí, ọmọ rẹ̀ ni kó lọ bi. Ó bi Thandeka, ìyẹn ní òun ò bèèrè, kí ọkọ òun náà yéé da ọmọ láàmú. Ló bá ń ṣọ́ ọmọ: orin orílẹ̀-èdè wo ló ń kùn nínú ilé ìwẹ̀? Jọ̀lọ́ọ̀fù ló kọ́kọ́ bù ni àbí páàpù, oúnjẹ àgbàdo ilẹ̀ ìyá rẹ̀? Báàgì tó tú, báńdéèjì tó ń rùn fún òógùn ló bá níbẹ̀.

Ọkàn tiẹ̀ kò pín sí méjì. Ó ti ra jẹ́sì Nàìjíríà kan, ó fi pamọ́ sí búùtù ọkọ̀ lábẹ́ táyà. Ọgbọ̀n ọdún ló ti lò ní Jo'burg, ìyá rẹ̀ ti kú, wọ́n ti ti ilé wọn ní Iléṣà pa. Tí ọmọ yìí náà bá lọ sí apá kejì, kí ló kù tó so òun mọ́ ilé? Ẹ̀rù yẹn ń bà á gan-an, kò sì lè sọ ọ́ fún Thandeka.

Sátidé dé. Róbọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀, dá wọn dúró nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé gbọ̀ngàn, ó tún bèèrè.

"Just now, Dádì," ni Fọláyẹmí wí, bí ará Jo'burg ṣe máa ń sọ pé ó dìgbà tó bá yá, ó ń wo ojú fèrèsé.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, dọ́kítà fẹ́ rí ìwé àkọsílẹ̀ ìjà rẹ̀. Ọmọ ti ń fi báńdéèjì di ọwọ́, ó ní kí bàbá òun bá òun mú un nínú báàgì. Bó ṣe ṣí ìwé náà, lẹ́tà kan jábọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣètò ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní Nàìjíríà ló ti wá, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní àwọn rí i pé ó yàn láti jà fún Nàìjíríà, inú àwọn sì dùn. Àmọ́ Fọláyẹmí Dube ló wà nínú gbogbo àkọsílẹ̀ ìjà rẹ̀, Àbísóyè Ọlákúnlé ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù tó fi ránṣẹ́. Àwọn ò lè gbà pé ẹnì kan náà ni, ọjọ́ sì ti lọ.

Ọlátúnbọ̀sún jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ta ló fa èyí bí kò ṣe òun? Wọn ò tíì ṣègbéyàwó nígbà tí wọ́n bí ọmọ, Dube, orúkọ ìdílé Thandeka, ni ọsibítù kọ. Nígbà tó fẹ́ gba pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà fún un, ìyá rẹ̀ pè é láti Iléṣà, ó ní orúkọ tí òun sọ ọmọ lọ́jọ́ ìkómọ ni kó kọ, Àbísóyè, kò gbọdọ̀ sí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí màmá má baà bínú, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó fi Ọlákúnlé, orúkọ ìdílé tirẹ̀, tì í. Èèyàn mẹ́jọ ló sọ ọmọ náà lórúkọ lọ́jọ́ ìkómọ yẹn, èwo ni kì í ṣe tirẹ̀ níbẹ̀?

Ó gbé ìwé náà lọ fún Fọláyẹmí, lẹ́tà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ máa dá ara yín lẹ́bi ni."

"Ṣé ó dùn ẹ́?"

"Ó dùn mí, Dádì. Mo sunkún. Àmọ́ ilé Màámi náà ni mo fẹ́ jà fún yìí, kì í ṣe ilé àjèjì."

Ọlátúnbọ̀sún ká lẹ́tà náà sápò. Ó bá a so ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

Wọ́n pe àwọn akànṣẹ́ sójú agbo lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń pè wọ́n máa ń ka orúkọ bí akànṣẹ́ bá ṣe kọ ọ́ sí káàdì, á wá ka ìlú tẹ̀ lé e. Nígbà tó kan Fọláyẹmí, ọkùnrin náà wo káàdì lẹ́ẹ̀mejì, ó rọra kà á: "Fọláyẹmí Àbísóyè Dube!"

Odidi oṣù kan ni Ọlátúnbọ̀sún ti ń wá bó ṣe máa gbọ́ orúkọ ìlú náà. Nígbà tí wọ́n wá pè é, kò gbọ́. Ó ti dìde, ó ń fi omijé pe Àbísóyè bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń pè é.